Ẹyìn Pupa Lórí Ilé Jagun

Ẹni tó ní kí ọmọdé ya ìlú, ilé tirẹ̀ náà ń bẹ nínú ìlú. Gbogbo ẹnu ló ń pa òwe yìí ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ojú mi ló ṣe. Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà, oyún àbúrò mi ti wọ oṣù kẹjọ. Bàbá Jagun wà láyé, òun ni alága ilé-ìwé. Tísà Fatúnàṣe náà wà, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ìlú àti ojúṣe ará ìlú. Kíláàsì kẹta ni mo wà; ibẹ̀ náà ni ìwé mi mọ.

Lọ́dún yẹn, ilé ìgbẹ̀bí wa kò ní òrùlé. Ìjọba kó ogójì páànù wá, Jagun ló gbà á fún ìlú. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi ké gbàjarè pé olè ti kó o. A bá a kẹ́dùn. Bí òjò bá dé, nọ́ọ̀sì a máa fi agbòòrùn bo ẹni tó ń rọbí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a gba ọlidé, Jagun wá bá Tísà.

“Jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí ya ìlú wa, kí àwọn òbí wọn wá wò ó. Kí wọ́n mọ̀ pé a kì í ṣeré níbí.”

Tísà fi eérú fa ọ̀nà àti odò sórí ilẹ̀ pápá, a fi òkúta ṣe ilé. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí pé, ó pín ẹyìn pupa, èso ọ̀pẹ, fún wa.

“Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ẹ gbé ẹyìn sí i. Èyí tó bá jẹ́ ti ẹnì kan, ẹ fi í sílẹ̀.”

A gbé e sórí ọjà, a gbé e sórí odò. Àwẹ̀ró, ọmọ Jagun, tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, bu ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sórí ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Jagun náà rẹ́rìn-ín.

“Àwẹ̀ró, arìndìn! Ilé mi ti wá di ọjà? Kó o kúrò.”

“Bàbá, páànù tó wà lórí àjà wa ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní ti ìlú ni, pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.”

Háà! Ẹ̀rín gé. Ìyá mi fọwọ́ gbá ikùn mú.

“Bàbá Jagun! Abẹ́ agbòòrùn lẹ fẹ́ kí n bímọ sí, tí páànù wà lórí àjà yín?”

Jagun kọjú sí Tísà. “Ìwọ lo kọ́ ọ!”

Tísà dáhùn. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ya ìlú. Ilé yín náà ń bẹ nínú ìlú.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àwọn ọkùnrin gun àjà. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan tó kù ti bo ilé adìẹ. Abẹ́ òrùlé ni ìyá mi bímọ sí. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì di òní ni pé Jagun ti bá wa sunkún páànù yẹn. Omijé gidi ni.

Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń pariwo pé kí a wádìí ọ̀rọ̀, tó wá ń bínú nígbà tí ìwádìí kan òun. Èyí tí mo gbọ́ tí ara mi bù máṣọ ni ti ọjọ́ tí Jagun kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí ará ìlú dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ irú ẹni tí bàbá àwọn jẹ́. Àwẹ̀ró, tó jókòó níbi ẹsẹ̀ òkú, pa òwe náà fún wọn jẹ́jẹ́, ó sì fa aṣọ bo bàbá rẹ̀ lójú.