Jíìpù Akínlàjà àti Ilẹ̀ Ahoro

Bó ti wù kí ọkọ̀ ga tó, ilẹ̀ ni yóò tẹ̀. Láti Ìdóko títí dé Orí-Àpáta, kò sí ọmọ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ìyá a máa pa á fún ọmọ, ọ̀gá a máa pa á fún ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà? Òwe tó ní ọkọ̀ nínú kò lè jẹ́ òwe ayé àtijọ́. Èyí kò tíì dàgbà púpọ̀, àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè, wọn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ìròyìn kan tó fi ọjọ́ kan pẹ́ ló bí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ojúọlápé jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ìdóko nígbà tí Ògúnrìndé yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ọdẹ ni Ògúnrìndé. Ilé rẹ̀ àti ilé bàbá Ojúọlápé fara kanra ní Orí-Àpáta, abúlé kékeré tó wà lórí òkè, lẹ́yìn odò. Ẹrẹ̀ bò ó dé itan. Kò jókòó, kò sì gba omi tí obìnrin náà bù fún un.

"Ìyá rẹ ti sùn," ló wí. "Ìjẹta ló sùn, àná la sin ín. Òjò ló mú kí odò kún, mi ò rí i là kọjá. Bàbá rẹ ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́."

Ojúọlápé kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ tó dúró sínú aṣọ, ó ń rò ó pé ní gbogbo àná, bí òun ti ń ránṣọ tí òun sì ń kọrin, erùpẹ̀ ni wọ́n ń dà sórí ìyá òun. Ọjọ́ kan péré. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé ohùn dé Orí-Àpáta, ọkọ̀ kan kò sì tíì gun òkè náà rí. Ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Akínlàjà, ọkọ rẹ̀, ló sunkún. Jórinjórin ni, ó tún mọ ẹ́ńjìnnì í tún ṣe, ó sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ohun tó dá sí méjì tí iná òun kò lè sọ di ọ̀kan. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó di ìyàwó rẹ̀ mú léjìká.

"Àpèkẹ́, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọ mọ́. Mo máa kan ọkọ̀ tí yóò gun òkè yẹn bí ewúrẹ́."

Jíìpù kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó síbẹ̀, àwọn adìyẹ ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Akínlàjà fi jáàkì gbé e sókè, ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ palẹ̀. Ó wá irin pẹlẹbẹ tí ó máa ń gbé ẹ̀yìn lọ́rì, ó gé e, ó sì jó o mọ́ abẹ́ jíìpù náà. Ó wọ táyà tí ó ga dé ìbàdí Ojúọlápé sí i. Ó fa páìpù kan láti inú ẹ́ńjìnnì gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì lọ sókè òrùlé, kí ọkọ̀ lè máa mí bí omi bá bò ó láyà. Ó de okùn irin mọ́ iwájú rẹ̀, èyí tí yóò máa ká ara rẹ̀ bí ìgbín ti ń fà wọ ilé, kí ó lè fa ara rẹ̀ yọ bó bá rì. Iná jíjó kò kúrò lẹ́yìn ilé náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn aládùúgbò wá ń wòran.

"Akínlàjà, ṣé ọkọ̀ lò ń kàn ni àbí àká?" ni ìyá ẹlẹ́pà tó wà ní ìkángun bi í.

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá. Ọjọ́ tó bá parí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ní kí n gbé yín."

"Kí lo máa fi gbé mi dé òkè ọkọ̀ yẹn? Ṣé o máa dè mí lókùn ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojúọlápé náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn adìyẹ kò sùn lábẹ́ jíìpù náà mọ́. Wọn a máa sáré dé ibi tí òjìji rẹ̀ bá dé, wọn a sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó dé etí kànga.

Igi ìwọ̀n ni àmì kejì. Akínlàjà gé igi kan tí ó fi ń wọn àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti ikùn ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, yóò ti igi náà bọ abẹ́ ọkọ̀, igi yóò wọlé ní ìdúró, àyè ìka kan a sì ṣẹ́kù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, igi náà kò ní wọlé mọ́. Ó tún jó irin mìíràn mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ dé, igi wọlé. Ilẹ̀ mọ́, igi kọ̀.

"Irin tuntun ni," ló wí. "Ó ń jókòó ni."

Ojúọlápé wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn kò rì, afẹ́fẹ́ inú wọn kò sì dínkù. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ ló dà bí ẹni pé ó ń dìde díẹ̀díẹ̀, bí àgbà tó ń nàró láti wo ojú ẹni tó kọjá lára rẹ̀ tí kò kí i. Ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Ògúnrìndé tún dé.

"Bàbá rẹ ń wúkọ́, oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́," ló wí. "Ó ní kí o máa bọ̀. Ó ní kí o má ṣe dúró de ọkọ̀."

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún wọn?"

Ògúnrìndé wo jíìpù náà, ó wá wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà títí mo fi dé ibí yìí," ló fèsì.

Lójú ẹsẹ̀ ni Ojúọlápé bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Akínlàjà gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ méjì péré ló kù kí n parí. Bí o bá fẹsẹ̀ lọ lónìí, tó bá di pé ká gbé Bàbá wá sí ọsibítù, ta ni yóò gbé wọn? Ṣé ẹ̀yìn rẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni, ìfẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Ojúọlápé dúró. Fún ọjọ́ méjì, kò rí oorun sùn, kò sì rí oúnjẹ jẹ. Ọjọ́ kan péré ló fi pàdánù ìyá rẹ̀, òun náà tún wá ń ka méjì fún bàbá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbéra nínú kùrukùru. Odò wá dé ilẹ̀kùn ọkọ̀, páìpù ń mí lókè, jíìpù sì là á já. Akínlàjà gbá sítíárì pẹ̀lú ìdùnnú. Láìpẹ́, wọ́n dé ibi òkúta pẹlẹbẹ.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ní láti mọ Ahoro. Láàárín odò àti òkè, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá Ìdóko gbé kí ogun tó tú wọn ká. Nígbà ayé wọn, inú yàrá ni wọ́n ń sin àgbà sí. Ògiri ti wó, igi ti hù lórí ilẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n yàrá ṣì ni yàrá ń jẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dé ibi òkúta pẹlẹbẹ tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò bọ́ bàtà, yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, yóò sì fẹsẹ̀ lásán rìn já òdìkejì. A kì í wọ bàtà wọ yàrá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Orí-Àpáta mọ̀ ọ́n.

"Ẹ dúró, ọkọ mi," ni Ojúọlápé wí. "Ẹ jẹ́ ká bọ́ bàtà."

"Ẹsẹ̀ ta ló fẹ́ kan ilẹ̀? Táyà ló ń rìn. Àbí kí n bọ́ táyà ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ojúọlápé kó tó mọ̀. Ọkọ̀ sì ti kọjá òkúta náà.

Ó jọ pé ẹnìkan pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn wọn. Ẹyẹ kò ké mọ́. Ògiri àtijọ́ kan kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún, ihò mẹ́ta tí wọ́n ń gbé fìtílà sí wà lára rẹ̀. Wọ́n rìn títí. Ògiri kan tún kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún, ihò fìtílà mẹ́ta wà lára rẹ̀.

"Àwọn ará ijọ́un mà fẹ́ràn irú ògiri yìí o," ni Akínlàjà wí. Ṣùgbọ́n ó ti yí jíà padà, ó sì ti tẹ iná mọ́ ọn.

Nígbà tí ògiri náà kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, Ojúọlápé bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ rọ̀, òjò ti rọ̀ sí i, táyà wọn sì wúwo bí ọlọ. Síbẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ táyà kankan lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ó mọ́ tónítóní bí yàrá tí wọ́n gbá fún àlejò.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ bàbá mi."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń lọ, kò kan nǹkan kan. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó tún sọ̀ sí i. Otútù bá a lọ́rùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ní orúnkún, bíi ti ẹni tí wọ́n ń sọ̀ sínú kànga. Ó rántí ìyá rẹ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú àwọn mìíràn. Nígbà náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan erùpẹ̀.

"Èmi Ojúọlápé ni," ló wí, "ọmọ Fágbèmí. Ilé ni mò ń lọ. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kí yín."

Ẹyẹ kan ké. Kùrukùru ká, ọ̀nà òkè sì hàn gedegbe níwájú. Nígbà tí ó yíjú padà, jíìpù náà ti fi ikùn lélẹ̀. Gbogbo gíga tí ọkọ rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jó mọ́ ọn, ilẹ̀ ti gbé e mì, ojú Akínlàjà tó jókòó nínú ọkọ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ká jọ máa lọ."

Akínlàjà wo ọ̀nà, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń na ọwọ́ sí okùn irin. "Máa lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fà á yọ."

Ojúọlápé lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé orí bàbá rẹ̀ lé itan, ó ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Bàbá Fágbèmí fi ọwọ́ kan erùpẹ̀ pupa tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. "O ò pẹ́," ló wí. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó sì sọ gbólóhùn tí ẹ ti mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Akínlàjà dé. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ àná ni òun ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, òun kò mọ ohun tó mú kí ọ̀nà jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti rí ibi tí àṣìṣe wà: ọkọ̀ náà kò tíì ga tó. Bí òun bá ti fà á yọ, òun yóò fi ìka mẹ́rin kún gíga rẹ̀, òun yóò sì padà wá gbé wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wa fi ń pa òwe náà fún ẹni tó ti gòkè débi pé ó gbàgbé láti kí ohun tó gbé e dúró: olówó tó ń fojú di ará ilé, ọmọ tó kàwé tán tí kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́, àti ẹni tó rò pé bí nǹkan kò bá ṣeé ṣe, gíga ni kò tíì ga tó. Bó ti wù kí ọkọ̀ ga tó, ilẹ̀ ni yóò tẹ̀. Bàbá Fágbèmí ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ojúọlápé ló sọ ọ́ létí ẹni tó ni ín, lọ́jọ́ náà, lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó sọ ọ́ tán, ó fi kún un pé: "Ọkọ mi, mi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́, mi ò sì ní bá yín sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo máa wà títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fẹsẹ̀ wá."