Owó Orí Alùfáà Abúlé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, abúlé wa kì í gba owó orí lọ́wọ́ alùfáà. Àdúrà ni tiwọn. Lọ́dún tí owó àtúnṣe afárá kò pé, odò gbé afárá lọ lọ́jọ́ tí ìyàwó Alùfáà Ọlátóóyè ń rọbí. Èjìká ni àwọn ọkùnrin fi gbé e sọdá kó tó bímọ.

Lọ́jọ́ kejì, Alùfáà gbé owó orí lọ bá Baálẹ̀.

“Ẹ mú un padà, ẹ̀yin kì í san.”

“Baba, òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ṣé odò bi ìyàwó mi pé ta lọkọ rẹ̀?”

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Àmọ́ àdúrà wa ò gbọdọ̀ dín o!”

Ayé ìgbà yẹn ṣì ń wù mí. Títí mo fi lọ sílé ọkọ, Alùfáà ló máa ń kọ́kọ́ san.