Ìdí Tí Ọfà Ojú Kọ̀ǹpútà Kì Í Fi Í Sí Nínú Àwòrán

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, Ọfà náà máa ń wọ inú àwòrán. Ẹ̀yin náà mọ Ọfà: funfun kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, tó máa ń sáré kiri lójú kọ̀ǹpútà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

Nínú kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí, Ọfà nìkan ló lẹ́sẹ̀. Aago jókòó sí igun ìsàlẹ̀, kò lè kúrò níbẹ̀. Agbọ̀n Ìdọ̀tí wà láyè tirẹ̀, ó ń la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Màmá Fẹ̀hìntọ́lá wà, ìyá Akínlabí, tí ọmọ rẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ bo ojú kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀. Màmá tóbi gan-an. Ihò imú rẹ̀ nìkan tó Ọfà í fi ṣelé.

Ohun kan ló ń ba Ọfà lẹ́rù: kí iná lọ. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, àwọn yòókù á bá ara wọn níbi tí wọ́n wà. Ọfà ní tirẹ̀ kò ní rántí ibi tó dúró sí mọ́. Àárín gbùngbùn ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó wá gbọ́ lẹ́nu Aago pé ẹni tí wọ́n bá tẹ̀ sórí bébà, iná kì í bá a lọ. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Àfi kóun náà dé orí bébà.

Lọ́jọ́ kan, Akínlabí tẹ Ayàwòrán. Ayàwòrán ni bọ́tìnnì tó ń gbé lókè kíbọọ̀dù, tó máa ń la ojú lẹ́ẹ̀kan, tó sì máa ń ya gbogbo ohun tó bá rí lójú kọ̀ǹpútà. Ọfà sáré wá ibi tó máa ti hàn dáadáa. Ó dúró ṣánṣán, ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ló tún gbé àwòrán lọ fún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé.

Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé kùn, ó hó, ó bi bébà jáde. Akínlabí gbé bébà síwájú kọ̀ǹpútà kó lè fi wọ́n wé ara wọn. Háà! Ihò imú Màmá ni Ọfà dúró sí. Orí rẹ̀ ti wọlé, ìdí rẹ̀ wà níta. Akínlabí rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga, ó sì gbé bébà náà lọ han àwọn ará àdúgbò.

Inú Ọfà dùn dé ẹ̀yìn. Ojú ti Màmá burúkú-burúkú. Bí Ọfà ṣe lọ da ìdọ̀tí nù báyìí, Màmá pe àwọn yòókù jọ. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìyẹn wá kó odindi ara wọ òun nímú! Ó ní kí wọ́n lé e jáde, àbí kóun kó ẹrù òun.

Agbọ̀n Ìdọ̀tí ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé e mì, pé ebi tilẹ̀ ń pa òun. Àmọ́ Aago bi wọ́n pé ta ni yóò wá máa gbé wọn lọ fún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé. Gbogbo wọn wo ìsàlẹ̀ ara wọn. Kò sẹ́ni tó lẹ́sẹ̀.

Ìgbà náà ni Ayàwòrán sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa dúró síbi tó bá wù ú. Bí mo bá la ojú, mi ò ní rí i."

"Ta ló máa wá sọ fún un?" Màmá béèrè.

Aago bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú rẹ̀, Agbọ̀n Ìdọ̀tí ń wo òkè.

Nígbà tí Akínlabí padà dé, ó tún ya àwòrán mìíràn. Ọfà dúró ṣánṣán, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ fún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé. Bébà bọ́ síta, Akínlabí mú un lọ, Ọfà ò fojú kàn án. Ó sáré padà wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Màmá, ṣé mo wà níbẹ̀?"

Màmá wò ó. Gbogbo ìbínú rẹ̀ rọ̀, àánú ọmọ náà ṣe é.

"O wà níbẹ̀, ọkọ mi. Ìwọ lo tilẹ̀ hàn jù."

Láti ọjọ́ náà ni Ọfà kì í ti í sí nínú àwòrán tí wọ́n bá ya lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kẹ́ ẹ wò ó: Aago á wà níbẹ̀, Agbọ̀n Ìdọ̀tí á wà níbẹ̀, ẹni tó gbé wọn débẹ̀ ni ò ní sí. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ, tẹ́ ẹ bá rí i tó dúró ṣánṣán tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Ó gbà pé òun ti wà lórí gbogbo bébà ayé, kò sì bẹ̀rù kí iná lọ mọ́.