Lọ́ńdọ̀nù Wà Nínú Ṣọ́ọ̀bù Àṣàbí

Olóyè Adégoróyè, tó ni ilé tí Àṣàbí ti ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀, ti ní kó kó jáde tó bá di Mọ́ńdè. Síbẹ̀, ó pè é sókè ní Sátidé pé dandan ni kí àwọn àna òun tó wà ní pálọ̀ rí ọmọ-ọmọ òun tó ń kọrin lórí ìkànnì Lọ́ńdọ̀nù kan tí kì í ṣí ní Nàìjíríà. Àṣàbí gbé VPN sórí fóònù, kó lè dà bíi pé Lọ́ńdọ̀nù ni fóònù wà, ìkànnì sì ṣí. Ó pín dátà fóònù fún tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n kọ̀, torí VPN ò bá dátà kọjá, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ò sì gba VPN. Ló bá gbé VPN sínú àpótí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ọmọ bá yọjú. Àwọn àna pàtẹ́wọ́. Olóyè sọ fún Àṣàbí létí pé, "O ṣeun, má gbàgbé Mọ́ńdè o." Àṣàbí kúnlẹ̀: "Mi ò gbàgbé, Bàbá. Ẹ jẹ́ n ti máa palẹ̀ mọ́." Ó sọ̀kalẹ̀, àpótí Wi-Fi ló kọ́kọ́ yọ. Orin dákẹ́, gbogbo àna kọjú sí Olóyè. Olóyè yọrí lójú fèrèsé: "Àṣàbí, ọmọ dáadáa, ta ló lé ẹ?"