Aṣọ Sányán Efúnyẹmí

Ní Bàíyà lókè òkun, nígbà tí ọba àwọn Potogí ṣì ń pàṣẹ níbẹ̀, obìnrin Ọ̀yọ́ kan wà tó ń jẹ́ Efúnyẹmí. Ẹrú ni wọ́n mú un débẹ̀. Ó ta ẹ̀kọ títí ó fi ra ara rẹ̀ padà, ó sì ra ilẹ̀ oko kan lẹ́yìn ìlú. Ẹrú àná di onílẹ̀!

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ilẹ̀ kò gùn ún gàlègàlè. Bí ó bá rí owó, yóò ra ọmọ ilẹ̀ wa kan kúrò lóko ẹrú, yóò sì gé ilẹ̀ fún un láti dáko. Nígbà tó ta aṣọ sányán kan ṣoṣo tó ní láti fi ra Ajéigbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọyáfúnkẹ́ fárí gá.

“Efúnyẹmí, ṣé orí ẹ pé? Àkísà ni ìwọ onílẹ̀ á máa ró kiri?”

“Fi mí sílẹ̀ jàre. Aṣọ kì í báni roko.”

Òfin ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó bá di igbó, ìjọba lè gbà á fún ẹlòmíràn. Lọ́dún kan, àìsàn dá Efúnyẹmí dùbúlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oko rẹ̀ sì kún fún koríko. Òyìnbó olóko ìrèké kan, tí ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀ náà tipẹ́, sáré lọ pe adájọ́ pé kó wá wo ilẹ̀ tí kò lólùtọ́jú. Adájọ́ ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Efúnyẹmí gbọ́, ó bú sẹ́kún. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn tó bẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú ìkòkò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Ajéigbé yọ tòun ti ọkọ́ léjìká. Gbogbo àwọn tí Efúnyẹmí ti rà padà tẹ̀lé e, kálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání. Ọ̀wẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀! Wọ́n ro oko náà, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́.

Adájọ́ dé, ebè ló bá nílẹ̀. “Ta ló ni ilẹ̀ yìí?”

Efúnyẹmí rọra jáde nínú àkísà tó ró, ojú ń tì í. Kíá ni àwọn ènìyàn rẹ̀ yí i ká, wọ́n fún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí adájọ́ kò rí ju orí rẹ̀ lọ.

“Ìyá wa ló ni ín,” gbogbo wọn dáhùn.

Adájọ́ yí ẹṣin rẹ̀ padà. Olóko ìrèké bá a padà lọ́wọ́ òfo.

Ọyáfúnkẹ́ di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, omi lé ròrò lójú rẹ̀. “N ò tún ní bi ọ́ ní sányán mọ́,” ó wí.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà ló ń sọ títí àwọn kan nínú wọn fi wọkọ̀ òkun padà sílẹ̀ wa, tí àwọn àgbà wa náà fi ń pa á lówe pé: ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ.