Ọ̀nà Àpáàdì ní Òkè-Amọ̀

Ìlú Ìrẹ̀sàn ti kún àkúnya nígbà tí Ọdẹ́jìnmí kó aya rẹ̀ àti Àkànmú ọmọ wọn jáde níbẹ̀. Ilé ń fara ti ilé, ihò tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀ sì ti kan òkúta. Ọdẹ́jìnmí kì í mọ ìkòkò, àgbẹ̀ ni. Ẹ̀bùdọlá ìyàwó rẹ̀ ni Elédùmarè fi ọwọ́ amọ̀ fún. Wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀yìn odi ìlú, lẹ́sẹ̀ òkè kan tí amọ̀ ibẹ̀ pupa bí epo, tó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí iyán. Àwọn ìdílé mìíràn gbọ́, wọ́n tẹ̀lé wọn. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi di abúlé tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀, Ọdẹ́jìnmí sì di baálẹ̀ ibẹ̀.

Òkè wà lẹ́yìn abúlé náà, odò Ọ̀yẹ̀rẹ̀ ká a mọ́ lápá ọ̀tún, àbàtà sì tẹ́ rẹrẹ láti apá òsì dé iwájú. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé àbàtà yìí kò nísàlẹ̀. Nítorí náà, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ sí ọjà Ìrẹ̀sàn, ìyẹn ni tóóró ilẹ̀ tó wà láàárín òkè àti odò, oko obì Láníhun ló sì wà níbẹ̀.

Láníhun kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bàbá rẹ̀ ló gbin àwọn obì náà, abẹ́ wọn ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú. Bí àwọn obìnrin bá ń ti Òkè-Amọ̀ ru ìkòkò kọjá, Láníhun a ní kí wọ́n sọ̀ sábẹ́ ìbòji, a sì bu omi fún wọn mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Ẹ̀bùdọlá ń sun ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ líle dé lójijì, ó gbé iná sínú koríko gbígbẹ. Gbogbo abúlé tú jáde, tewé tomi, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí iná náà pa, ó ti jó ju ìdajì oko Láníhun lọ, títí kan igi tó ṣíji bo ibojì bàbá rẹ̀.

Ẹ̀bùdọlá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ mi ni iná náà ti bọ́.”

Láníhun kò gbójú sókè. “Dìde, ọmọ mi. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ojú mi kò lè gbà á kí n máa wo ẹ̀yin amọ̀kòkò bí ẹ ṣe ń tẹ eérú obì bàbá mi kọjá. Ẹ má gba ibí mọ́.”

Ó fi igi ẹlẹ́gùn-ún sọ ọgbà dí ojú ọ̀nà náà pátápátá.

Bí ìkòkò tí wọn kò rí gbé lọ sọ́jà ṣe ń pọ̀ sí i ní Òkè-Amọ̀ ni oúnjẹ ń dín kù. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní àwọn yóò fi àdá la ọgbà náà, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kọ̀.

“Ẹni tí a jó lóko, ká tún wá yọ àdá sí i? Ó tì o. Ìyá Àkànmú, di ẹrù. A ó bẹ Láníhun kó jẹ́ ká kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká padà sínú ìlú.”

“Bàbá Àkànmú, inú ìlú wo? Inú yàrá tí ẹ kò ti lè na ẹsẹ̀?”

Níta, aládùúgbò wọn ti ń tú koríko òrùlé rẹ̀ sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀bùdọlá bá ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn, bí àwọn tó ń ta ẹran lọ́jà Ìrẹ̀sàn ti máa ń ṣe. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu. Ẹran wo ló lè la ọgbà ẹlẹ́gùn-ún yẹn kọjá kí ara rẹ̀ má bó? Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú àbàtà ló wà níbẹ̀, kò sì ga kọjá orúnkún.

Ó mú ọ̀pá gígùn kan, ó sì tọ ipasẹ̀ ewúrẹ́ náà lọ sí àbàtà. Ọkọ rẹ̀ sá tẹ̀ lé e.

“Ṣé o fẹ́ kú ni?”

“Ewúrẹ́ kò kú.”

Ó wọ inú ẹrẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ níwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Láàárín àbàtà, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó sì rì dé itan. Ọdẹ́jìnmí ké, ó fẹ́ bẹ́ sínú ẹrẹ̀. “Ẹ dúró!” ni obìnrin náà wí. Ó fa ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tún kan ohun líle. Òkúta ni. Ẹsẹ̀ òkè wọn ló nà gba abẹ́ ẹrẹ̀ lọ, bí afárá tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Nígbà tó gòkè ní òdìkejì, ó rí èéfín àwọn alákàrà ọjà Ìrẹ̀sàn. Ó jókòó sínú koríko, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba pípadà sínú ìlú. Àkìtàn àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, tó ti ga bí ahéré lẹ́yìn abúlé ni tọkùnrin tobìnrin kó dà sórí òkúta náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọ̀nà fi yọ lójú ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn oníyọ̀, ni àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀ gbà wọlé pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ọjà dáwọ́ dúró. Láníhun, tó pàtẹ ìwọ̀nba obì tó ṣẹ́kù fún un, dìde.

“Ẹ̀bùdọlá! Ta ló ṣí ọgbà mi fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọgbà yín, Bàbá. Ọjà yìí, kì í ṣe ọ̀nà kan ló wọ̀ ọ́.” Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì gbé ìkòkò kan fún un. Ilẹ̀ tútù ló wà nínú rẹ̀, èso obì sì ti ń hù níbẹ̀. “A gbin irú èyí sí gbogbo ilé ní Òkè-Amọ̀. Bí òjò bá dé, ẹ jẹ́ ká wá lọ́ wọn gbìn sí ojú oórì bàbá yín.”

Láníhun fọwọ́ kan ewé tútù náà. “Ẹ gba ọ̀dọ̀ mi wá,” ni ó sọ. “Màá kó ẹ̀gún yẹn kúrò.”

Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń rìn láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àpáàdì ni àwọn àlejò ń kọ́lé sí, ilé ń tẹ̀lé ilé, títí Òkè-Amọ̀ fi gbòòrò dé ẹnu odi Ìrẹ̀sàn. Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀bùdọlá sọ kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ ẹnì kan tó sì fẹ́ bọ́hùn, òun náà ni àwọn àgbà fi ń gbé e dìde, tí wọ́n ń pa á lówe fún un pé: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.