Ẹkún Àwẹ̀ró Létí Odò

Láníyọnu ni atukọ̀ èbúté Ìdí-Ìyeyè láyé àtijọ́, nígbà tí kò tíì sí afárá lórí odò náà, tí ẹni tó bá fẹ́ kọjá sí òdìkejì kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló mú ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn. Àwọn èèyàn retí pé kí Láníyọnu sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò sun ún. Ọmọ náà ló gbé pọ̀n, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí ó ṣe ń tukọ̀ ni Àwẹ̀ró ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já ìyá rẹ̀. Àwọn èrò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Atukọ̀ abiyamọ!" A máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í gbé ẹ̀yìn títí ayé. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, kò gbà kí wọ́n pọn òun mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó rí òjúoró tó ń léfòó lọ, ó nawọ́ sí i, ó sì ré kọjá etí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ rí gbá mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Láníyọnu lọ bá Ìyá Ẹfúnyẹlá. Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó yìí ni àwọn obìnrin tó ń lọ sóko máa ń fi àwọn ọmọ wọn tó ti já lẹ́nu ọmú sí. Àgbàlá rẹ̀ wà létí odò gan-an. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn ní orin àti òǹkà, bí a ṣe ń fọwọ́ kí a tó jẹun, àti bí a ṣe ń kí àgbà. Ohun tí à ń pè ní jẹ́léósinmi lónìí náà ni. Orúkọ ni kò tíì ní.

Ìyá Ẹfúnyẹlá ní, "Mú un wá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n má yọ́ lọ mọ́ ọn lójú o. Sọ fún un pé ò ń lọ, kí o sì máa lọ."

Láníyọnu gbọ́, kò lè ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní, bí Àwẹ̀ró ṣe tẹjú mọ́ àwọn òròmọdìẹ, bàbá rẹ̀ yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí ọmọ náà yíjú padà tí kò rí i, ó wá a dé ẹ̀yìn ìkòkò omi, ó wá a dé abẹ́ ẹní, kó tó fi igbe ta. Lọ́jọ́ kejì, láti ẹnu ọ̀nà ló ti di ẹsẹ̀ ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú, ó fi eyín kún un. Ìka rẹ̀ ni wọ́n ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá mi o! Bàbá mi o!"

Igbe yẹn ń tẹ̀ lé Láníyọnu lọ sórí omi, nítorí odò kì í dá ohùn dúró. Bó bá dé agbedeméjì, a tún máa gbọ́ ọ.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ kún. Amọ̀kòkò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, bàbá arúgbó kan fa ewúrẹ́ dání, abiyamọ kan sì pọn ọmọ jòjòló. Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti etídò, ó gbé igbe Àwẹ̀ró wá. Ohun tí Láníyọnu ti há mọ́ àyà láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú bá tú. Omijé bo ojú rẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ó ń wa ọkọ̀ lọ ṣáá. Bẹ́ẹ̀ kùkùté kan wà nínú omi náà tí ọmọdé Ìdí-Ìyeyè pàápàá mọ̀.

"Atukọ̀! Kùkùté!" Bàbá arúgbó náà ló kígbe.

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọkọ̀ kọlu igi, ó fì, ó sì dojú dé. Ewúrẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́, ìkòkò ń rì. Bàbá arúgbó àti amọ̀kòkò rí etí ọkọ̀ dì mú títí ó fi gbé wọn dé etídò. Láníyọnu rí gèlè abiyamọ náà lójú omi, ó bẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì fà á dé ibi tí ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti mumi. Wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀, wọ́n gbá a lẹ́yìn, kò dún. Wọ́n tún gbá a. Ó wá húkọ́, ó sì bú sẹ́kún.

"Ṣé ojú yín fọ́ ni?" Abiyamọ náà jágbe mọ́ atukọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹkún ni kò jẹ́ kí n ríran. Ọmọ mi ló ń ké."

"Ọmọ tèmi náà ló ń ké yìí! Ṣé tiyín nìkan ni etí yín ń gbọ́?"

 Láníyọnu pa ọkọ̀ rẹ̀ tì sétí omi, ó sì fi aṣọ tútù gba ọ̀nà àgbàlá Ìyá Ẹfúnyẹlá lọ. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá ti pàdé rẹ̀.

"Mo wá mú ọmọ mi, Ìyá. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ ọlọ́mọ lónìí. N kò tukọ̀ mọ́. Èmi àti ẹ̀ á jọ jókòó sílé."

"Kí ẹ wá máa jẹ kí ni, Láníyọnu?"

Kò tíì dáhùn tí ojú rẹ̀ fi gba èjìká ìyá kọjá sínú àgbàlá. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó ń sunkún, omijé ń kán sí i níkùn. Ọmọkùnrin kékeré kan, Bámgbọ́lá, ti kúrò láàárín àwọn yòókù, ó ń tàgé lọ sídìí ààrò níbi tí ẹ̀kọ ti ń hó. Ó ti nawọ́ sí ìkòkò. Láníyọnu gbé ẹsẹ̀ láti sáré wọlé.

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti dìde. "Iná! Iná!" Ẹnu tó fi ń sunkún náà ló fi ń pè é. Ó gbá bàǹtẹ́ Bámgbọ́lá mú látẹ̀yìn, ó fà á, àwọn méjèèjì sì fìdí jókòó pẹ́kí. Bámgbọ́lá bú sígbe. Àwẹ̀ró wò ó tọwọ́ tẹsẹ̀, ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe é, ó sì padà sẹ́nu ẹkún tirẹ̀ níbi tó bá a dé.

Ìyá Ẹfúnyẹlá ti sáré débẹ̀. Nígbà tó yẹ ọwọ́ Bámgbọ́lá wò tán, ó padà wá bá Láníyọnu, ẹ̀rín àti ẹ̀rù jọ wà lójú rẹ̀.

"Ṣé o rí i? Láti àárọ̀ ló ti ń sunkún, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá yìí tí ojú rẹ̀ fò. Ọmọ yìí kò ní í pẹ́ mọlé níbí."

"Èmi ńkọ́, Ìyá?"

"N kò ní kí o má sunkún, ọmọ mi. Ẹkún ìyàwó rẹ tí o gbé mì ló ń wá ọ̀nà jáde. Sun ún. Ṣùgbọ́n ojú tó ń da omi náà ni kí o fi máa wo iwájú. Èèyàn ló wà nínú ọkọ̀ rẹ."

Láníyọnu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tútù náà. Àwẹ̀ró rí i, ó sáré wá, ó gun orí itan rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Láníyọnu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ ní àgbàlá Ìyá Ẹfúnyẹlá. "Bàbá ń lọ sódò. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀kọ tán, tí ẹ sùn, tí ẹ jí, màá dé." Ó gba iwájú ilé jáde, ọmọ náà ń wò ó lọ, ó ń ké.

Ní èbúté, ẹsẹ̀ àwọn èrò ń lọ́ra. Abiyamọ àná ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ tún ń sunkún, atukọ̀."

"Mò ń sunkún, ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n mò ń ríran."

Obìnrin náà so ọ̀já rẹ̀ le, ó wọ inú ọkọ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Láníyọnu yà fún kùkùté láti òkèèrè.

Díẹ̀díẹ̀ ni igbe orí omi ń rọlẹ̀. Nígbà tó ṣe, Láníyọnu dé àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró fọwọ́ dá a dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, dúró ná. A ò tíì kọrin tán."

Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbójú kúrò lára ọmọ náà títí orin fi parí. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ yìí ni àwọn àgbà mú, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.